INÁ, IRIN ÀTI ÌDÀRỌ́: ÀYẸ̀WÒ ÀWÒRÁN ÌWẸ̀NÙMỌ́ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YORÙBÁ

1. Ìfáàrà

Ohun tí àyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni àwòrán ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ nínú òwe, nínú ìwàásù àti nínú ìwé Yorùbá, èyí tí ó fi iná hàn gẹ́gẹ́ bí olùwẹ̀nùmọ́. Òwe tí ó gbé àwòrán náà jáde jù lọ ni èyí tí ó sọ pé wúrà tí yóò dán, yóò la iná kọjá. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń pa á fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, fún aláìsàn, àti fún oníṣòwò tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Àwọn lámèyítọ́ kì í sábà yẹ irú òwe bẹ́ẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn bá ti gbà, wọn kì í tún wádìí rẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bi òwe náà kò le: bí iná bá mú àbàwọ́n kúrò lára wúrà, níbo ni àbàwọ́n náà gbà lọ? Òwe náà kò sọ. Àìsọ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára bí ó bá jẹ́ pé ìpọ́njú ọmọ ènìyàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn ni ó dà nígbà tí àwòrán kan náà bá di òye tí àwọn ènìyàn fi ń wo iṣẹ́ irin gan-an. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgándò, àwọn tí ń ra irin kọ́ńdẹ́ǹmù a máa ti ọmọlanke wọn kiri láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti kú, fìríìjì tí kò tutù mọ́, páìpù, ọ̀pá irin àti ìkòkò tí ó lu ni wọ́n ń rà. Láti orí ọmọlanke, irin náà a dé ọwọ́ alágbàtà tí ń fi ìwọ̀n rà á. Láti ọwọ́ alágbàtà, a dé ìléru. Ní ìparí ìrìn náà, ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti gbà pé ohunkóhun tí ìbáà wà lára irin tẹ́lẹ̀, iná ti wẹ̀ ẹ́ nù.

Àyẹ̀wò yìí fẹ́ fi hàn pé èrò náà kò tọ̀nà, pàápàá nípa irin tí ìtànṣán olóró wà lára rẹ̀. Ó sì fẹ́ fi hàn pé èdè Yorùbá kò ṣe aláìní àwòrán tí ó tọ̀nà jù ú lọ. Ìtànṣán olóró níhìn-ín túmọ̀ sí ìtànṣán tí ń jáde láti ara àwọn èròjà bí i radium, cobalt-60 àti caesium-137, èyí tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn rẹ̀, tí ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara jẹ́.

2. Iná gẹ́gẹ́ bí olùwẹ̀nùmọ́

Kì í ṣe inú òwe nìkan ni àwòrán yìí ti rí ẹsẹ̀ gbé e dúró. Bíbélì Yorùbá, tí Àjàyí Crowther kó ipa pàtàkì nínú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, fún un ní agbára ńlá. Nínú orí kìíní ìwé Aísáyà, wòlíì náà fi orílẹ̀-èdè tí ó bàjẹ́ wé fàdákà tí ó ti di ìdàrọ́. Nínú orí kẹta ìwé Málákì, Olúwa jókòó ti iná bí ẹni tí ń yọ́ fàdákà. Àwọn atúmọ̀ èdè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà, ìdàrọ́, sílẹ̀. Ẹnu àwọn asunrin àti alágbẹ̀dẹ ni ó ti wá: pàǹtí tí ó ń yà kúrò lára irin nígbà tí iná bá mú un dáadáa.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí òǹkàwé ṣàkíyèsí nínú àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ yìí. Èkíní ni pé ó fi irin tàbí fàdákà jẹ ọlọ́lá, ó sì fi ìdàrọ́ jẹ ẹni ẹ̀gàn. Èkejì ni pé lẹ́yìn tí ìdàrọ́ bá ti kúrò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Wọ́n dà á nù. Ibi tí wọ́n dà á nù sí kò sí nínú ìtàn.

Ìjálá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fetí sí oríkì Ògún yóò rí i pé ìwẹ̀ òrìṣà onírin kì í ṣe ìwẹ̀ tí ń sọ ara di mímọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni, omi kọ́. Àwọn oníjàálá mọ̀ pé irin tí ó jáde láti inú iná kò jáde láìlẹ́bi. Irin tí ó ń roko náà ni ó ń pa ènìyàn. Nítorí náà, kò ní tọ̀nà láti sọ pé gbogbo lítíréṣọ̀ Yorùbá ni ó gbà pé iná ń wẹ irin mọ́. Òwe wúrà àti ìwàásù orí pẹpẹ ni ó gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ni ó sì gbilẹ̀ jù lóde òní.

Ẹnìkan lè jiyàn pé kò tọ́ láti gbé òwe lé orí òṣùwọ̀n sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni pé ìwà ènìyàn ni òwe náà ń bá wí, kì í ṣe ìwà wúrà. Ṣùgbọ́n àfiwé kì í dúró bí ohun tí wọ́n fi ṣe é kò bá dúró. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ayé àtijọ́ a máa fi òjé yọ́ wúrà tí ó lábùlà. Òjé náà ni yóò gbé àbùlà lọ, tí ìkòkò kékeré tí wọ́n fi eérú egungun mọ yóò sì fà á mu. Wúrà dán nítorí pé ohun mìíràn gba ẹrù rẹ̀. Ní Zamfara ní 2010, nígbà tí àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ láàrin ilé, eruku òjé náà pa ọmọdé tí iye wọn lé ní irínwó. Wúrà wọn dán. Ẹni tí kò mọ̀ ju òwe náà lọ kò lè rí àwọn ọmọ náà.

3. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìléru

Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, bí i ti Studsvik ní Swídìn àti ti Krefeld ní Jámánì, ti ń yọ́ irin tí ó ti àwọn ibùdó agbára átọ́míìkì wá, kí wọ́n lè tún un lò. Iṣẹ́ wọn ṣe pàtàkì fún àyẹ̀wò yìí, nítorí pé àwọn gan-an ni ó yẹ kí wọ́n lè sọ bóyá iná ń wẹ irin mọ́ tàbí kò wẹ̀ ẹ́.

Bí ooru ìléru bá ti tó bí i dígírì 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin yóò yọ́. Wọn a da láìmù, yanrìn àti àwọn èròjà mìíràn lé e. Ìwọ̀nyí náà yóò yọ́, wọn yóò sì léfòó lórí irin bí òróró ṣe ń léfòó lórí omi, nítorí pé wọn kò wúwo tó irin. Ìdàrọ́ nìyẹn. Wọ́n ń ṣètò àwọn èròjà rẹ̀ kí ó lè fa ohun tí wọ́n kò fẹ́ kúrò nínú irin, lẹ́yìn náà wọn a gbọ́n ọn kúrò lórí rẹ̀.

Ìtànṣán olóró kì í ṣe ìdọ̀tí tí ó lẹ̀ mọ́ ara irin. Inú ọkàn átọ́ọ̀mù ni ó ti ń jáde, kò sì sí iná ìléru kan tí ó lè dé ibẹ̀. Ìwọ̀n ìtànṣán tí ó wọ ìléru kò dín nítorí iná. Ohun tí iná àti ìdàrọ́ lè ṣe ni pé kí wọ́n pín in. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó sì ń pín sí.

Ọ̀nà kìíní ni ìdàrọ́. Uranium, plutonium, americium àti radium fẹ́ràn ọ́síjìn ju bí irin ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti dìmọ́ ọ́síjìn, wọn kò lè gbé inú irin mọ́. Inú ìdàrọ́ ni wọ́n ń wọ̀. Níbí ni ọ̀nà ìdàrọ́ ti ṣiṣẹ́ dáadáa jù, tí irin yóò sì jáde ní mímọ́ tàbí kí ó kù díẹ̀ kí ó mọ́.

Ọ̀nà kejì ni èéfín. Caesium-137 a máa hó ní nǹkan bí i dígírì 670, èyí tí kò tó ìdajì ooru tí ń yọ́ irin. Kí irin tó yọ́, òun ti bá èéfín jáde, yóò sì di eruku nínú ẹ̀rọ tí ń sẹ́ èéfín, bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà. Bí kò bá sí, ojú ọ̀run ni.

Ọ̀nà kẹta ni irin fúnra rẹ̀. Cobalt kò fẹ́ràn ọ́síjìn tó irin, nítorí náà kò sí ìdàrọ́ tí ó lè fà á jáde láì kọ́kọ́ ba irin jẹ́. Bí cobalt-60 bá bá irin wọ ìléru, yóò tàn ká gbogbo irin náà bí iyọ̀ ṣe ń tàn ká inú ọbẹ̀. Iná kò wẹ̀ ẹ́ nù. Iná ni ó pò ó pọ̀.

Ìtàn ayé ti fi ìdí ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta múlẹ̀. Ní ìparí 1983, ní Ciudad Juárez ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ẹ̀rọ ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ tí cobalt-60 wà nínú rẹ̀ dé ọjà àlòkù irin. Wọ́n yọ́ ọ mọ́ irin mìíràn, wọ́n fi rọ ọ̀pá irin ìkọ́lé àti ẹsẹ̀ tábìlì. Kò sí ẹni tí ó fura, àfi nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó ọ̀pá irin náà kọjá lẹ́bàá ibùdó ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní 1984, tí ẹ̀rọ ìṣọ́ ibẹ̀ sì ké. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n wó lẹ́yìn náà. Ní oṣù Karùn-ún 1998, ní Los Barrios ní ilẹ̀ Sípéènì, caesium-137 wọ ìléru kan. Irin tí ó jáde kò ní àbàwọ́n kankan, bí òwe ti wí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ìṣọ́ ní ilẹ̀ Faransé, Swítsàlandì, Ítálì àti Jámánì rí caesium nínú afẹ́fẹ́, eruku ìléru náà tí wọ́n sì kó lọ sí àwọn ibùdó mìíràn ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá wo irin nìkan yóò ní iná ti ṣe iṣẹ́ rere. Ẹni tí ó bá wo eruku yóò sọ ohun mìíràn.

4. Ẹ̀rí láti Nàìjíríà

Kò yẹ kí òǹkàwé rò pé ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ni èyí. Ní oṣù Kejìlá 2002, èròjà americium tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń wádìí ohun tí ó wà nínú àpáta níbi kànga epo sọnù láàrin Warri àti Port Harcourt. Ní oṣù Kẹsàn-án 2003, wọ́n rí i ní ìpínlẹ̀ Bavaria ní Jámánì, láàrin àlòkù irin tí ọkọ̀ kó wá láti Nàìjíríà. Bí ó bá ti wọ ìléru, inú ìdàrọ́ ni ì bá lọ. Ìdàrọ́ ni wọ́n sì ń lò níbi púpọ̀ láti fi ṣe ojú ọ̀nà. Àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ átọ́míìkì ní Nàìjíríà, tí òfin 1995 dá sílẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001 ni, ọdún kan péré ṣáájú kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ohun kejì tún wà tí kò ní orúkọ ọ̀daràn kankan nínú. Omi tí ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀ a máa gbé radium wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìpẹ́ líle a hù sínú páìpù, radium náà a sì dúró sínú ìpẹ́ náà. Páìpù bẹ́ẹ̀ nípọn, ó wúwo, owó rẹ̀ sì dára lórí ìwọ̀n. Radium-226 nílò 1,600 ọdún kí agbára rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Bí wọ́n bá yọ́ páìpù náà, irin yóò mọ́, radium yóò wà nínú ìdàrọ́, 1,600 ọdún náà kò sì ní fi ìṣẹ́jú kan dín.

Ojú, ọwọ́, òòfà àti ìwọ̀n ni oníkọ́ńdẹ́ǹmù ní Ìkòtún tàbí Ìgándò fi ń ṣiṣẹ́. Òòfà a máa sọ fún un bóyá irin ni tàbí alumíníọ̀mù; ìwọ̀n a sọ iye tí yóò san. Kò sí èyí tí ó lè sọ ohun tí ó wà nínú ọkàn átọ́ọ̀mù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ibi ìdalẹ̀nù Soluos ní Ìgándò fi gba pàǹtí láti apá púpọ̀ nínú ìlú Èkó, tí àwọn aṣàlẹ̀ sì ń ṣa irin jáde láti inú rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ tí iye ènìyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan nínú ìkànìyàn 2006. Ohun tí wọ́n bá sọ fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa iná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan. Bí ó bá gbà pé iná ń wẹ ohun gbogbo nù, kò ní sí ìdí fún un láti bẹ̀rù àpótí òjé kékeré kan tí ó wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, tí wọ́n ya àmì sí lára. Yóò fọ́ ọ, yóò ta òjé rẹ̀, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ fún iná.

5. Àwòrán tí ó sàn jù

Bí àwòrán kan bá kùnà, iṣẹ́ lámèyítọ́ kò parí síbi ìbáwí. Ó yẹ kí ó wò bóyá òmíràn wà nílé. Méjì wà tí ó yẹ fún àgbéyẹ̀wò.

Èkíní ni òwe tí ó sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Wọ́n sábà máa ń pa á láti fi hàn pé ọmọ ni yóò rọ́pò baba. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kà á pọ̀ mọ́ òwe wúrà, ó di àtúnṣe sí i. Ó sọ pé iná kì í lọ láìfi nǹkan sílẹ̀, àti pé ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ó jogún rẹ̀. Eruku caesium inú ẹ̀rọ èéfín ní Los Barrios, eérú iná náà ni. Àbùkù kan ṣoṣo tí òwe yìí ní ni pé eérú tutù lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, nígbà tí eérú ìléru bẹ́ẹ̀ kò tutù fún ìgbà pípẹ́.

Èkejì ni àwòrán arẹrù. Nínú ọdún Ẹdì ní Ilé-Ifẹ̀, ẹnìkan wà tí ń ru ẹrù ibi ìlú jáde lọ sínú igbó. Àwọn ará ìlú kò sọ pé ibi náà ti pòórá. Wọ́n mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n mọ ẹni tí ó rù ú, wọ́n sì mọ apá ibi tí ó gbé e gbà. Bákan náà ni ti ẹbọ oríta: kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa tí yóò lọ mú owó tàbí ẹyẹlé inú rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó wà nínú àṣà yìí bá ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìléru ń ṣe mu ju òwe wúrà lọ. Ìdàrọ́ ni arẹrù irin. Ìdí tí irin fi mọ́ ni pé ìdàrọ́ rù ú, ìdí tí ìlú sì fi wà láìléwu ni pé wọ́n mọ ibi tí arẹrù sọ ẹrù kalẹ̀ sí, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e padà wálé láti fi di kòtò ojú ọ̀nà.

Àwòrán yìí tún dá iyì padà fún ìdàrọ́ tí Bíbélì fi ṣe ẹ̀gàn. Ìtàn iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an ti ìyẹn lẹ́yìn. Nígbà tí Bellamy kọ̀wé nípa ìléru irin tí ó rí ní àgbègbè Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1904, Harbord tí ó bá a ṣe ìwádìí èròjà kò yẹ irin nìkan wò. Ó yẹ ìdàrọ́ náà wò, nítorí pé inú ìdàrọ́ ni ìtàn iṣẹ́ náà wà. Lónìí, níbi púpọ̀ tí wọ́n ti sunrin rí, ìléru ti wó, ọkọ́ àti àdá tí wọ́n rọ ti jẹ tán, òkìtì ìdàrọ́ nìkan ni ó ṣẹ́kù fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Ohun tí wọ́n pè ní pàǹtí ni ó pẹ́ jù.

Síbẹ̀, kò yẹ kí wọ́n na àwòrán arẹrù kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kì í ṣe gbogbo ibi ni ó ń gbà kí arẹrù ru òun. Cobalt-60 kò bá ìdàrọ́ lọ; inú irin ni ó jókòó sí, ìgbà nìkan ni ó sì lè tán agbára rẹ̀, tí yóò máa dín sí ìdajì ní ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ nílò sùúrù àti àyè ìpamọ́. Ní Krefeld, lára irin tí wọ́n yọ́ ni wọ́n fi ń rọ àpótí tí wọ́n ń kó pàǹtí olóró sí, èyí tí kò ní dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí kò ṣe é wẹ̀, wọ́n wá iṣẹ́ tí ó yẹ ẹ́ fún un.

6. Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni ó ti hàn. Àkọ́kọ́, òwe wúrà àti àwọn ìwàásù tí ó bá a tan sọ òtítọ́ nípa irin, wọ́n sì dákẹ́ nípa ìyókù. Èkejì, ìdákẹ́ náà ni ewu wà níbi tí ọ̀rọ̀ bá kan irin tí ìtànṣán olóró wà lára rẹ̀, nítorí pé iná kì í pa ìtànṣán. Ó ń pín in fún irin, fún ìdàrọ́ àti fún èéfín ni. Ẹ̀kẹta, èdè Yorùbá ní àwòrán eérú àti àwòrán arẹrù, tí àwọn méjèèjì ń béèrè ohun tí òwe wúrà kò béèrè.

Ó tẹ̀lé èyí pé kò yẹ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ń ṣe èdè-ìperí sáyẹ́ǹsì máa fi ìwẹ̀nùmọ́ tàbí ìsọdimímọ́ pe irú iṣẹ́ ìléru yìí. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ṣe ìlérí tí iná kò lè mú ṣẹ. Ìyàsọ́tọ̀ tọ̀nà jù, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ya nǹkan sọ́tọ̀ yóò béèrè ibi tí wọ́n yà á sí. Bí wọ́n bá sì ń bá oníkọ́ńdẹ́ǹmù sọ̀rọ̀ ní Ẹgbẹ́dá tàbí ní Ìkòtún, kò nílò orúkọ átọ́ọ̀mù kankan kí ó tó lóye. Ó ti mọ̀ láti kékeré pé wọn kì í ṣí igbá ẹbọ oríta, wọn kì í sì í mú ohun inú rẹ̀ lọ sílé. Kí wọ́n sọ fún un pé àpótí òjé tí ó ní àmì lára wà lára irú igbá bẹ́ẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó sì pe ìjọba.